Àbúrò Bàbá Gbogbo Mùṣín

Bí ọmọdé bá ní ìyá, tó ní bàbá, ó tún yẹ kó ní àbúrò bàbá kan tó máa ń dá a lóhùn bí ẹni ń dá àgbà lóhùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olówó dandan. Tó bá wọlé, á bi Táyé nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, á bi Kẹ́hìndé nípa ìwé rẹ̀, kò sì ní gbàgbé ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nídìí ààrò. Ọjọ́ tó bá kú, oníkálukú á máa sunkún pé òun gan-an ló fẹ́ràn jù.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Beko Ransome-Kútì. Àbúrò bàbá ló jẹ́ fún àwọn ọmọ Fẹlá, ṣùgbọ́n tálákà Mùṣín náà jẹ nínú ẹ̀.

Ta ni ò mọ Fẹlá l'Ékòó? Ta ni ò gbọ́ ìró fèrè ẹ̀? Beko ní tiẹ̀ kì í pariwo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ kejì oṣù kẹjọ, ọdún 1940. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn ìyá ọlọ́jà Ẹ̀gbá jọ tí wọ́n fi bá ọba àti Òyìnbó jà nítorí owó orí. Ẹ ò rí i pé ọmọ náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iyì ọlọ́jà!

Manchester ló ti kọ́ṣẹ́ dókítà. Nígbà tó délé, kì í ṣe àárín àwọn olówó Ìkòyí ló lọ jókòó sí. Ìdí-Òro ló wà, lójú ọ̀nà Agége, nínú ọgbà ilé tí Fẹlá ń gbé. Ẹni tó lówó á san, ẹni tí ò ní, wọ́n á tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọmọ dé ọsibítù rí, ẹ mọ̀ pé níbòmíì bàtà ẹsẹ̀ yín ni wọ́n á kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn yín. Bí tálákà bá rí dókítà tó wo òun lójú, tó fetí sí òun, ìdajì àìsàn ti lọ.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì, ọdún 1977, ni àwọn sójà ya wọ ilé náà. Wọ́n lu èèyàn, wọ́n ju ìyá arúgbó láti ojú fèrèsé, wọ́n lu Beko náà, wọ́n sì dáná sun ilé. Ilé ìwòsàn bá a lọ. Ìyá náà ò pé ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ tó fi kú, ní oṣù kẹrin, ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní sójà àìmọ̀ ló ṣe é. Fẹlá ni wọ́n ń bínú sí o, ṣùgbọ́n ọmọ aláta tí ibà ń ṣe náà pàdánù níbẹ̀.

Ẹlòmíì á sá padà sílùú Òyìnbó. Beko ò lọ. Ó di aṣáájú láàárín àwọn dókítà, ó ń pariwo pé oògùn ò sí ní ọsibítù ìjọba, ìjọba Buhari sì tì í mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olíkóyè, di mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992, síbẹ̀ Beko ò torí ìyẹn panu mọ́. Ní 1995, ìjọba Abacha fún un ní ẹ̀wọ̀n gbére, tí wọ́n padà dín kù sí ọdún 15. Wọ́n gbé e lọ sí Katsina.

Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ kejì oṣù kẹjọ, ọdún 1997, tí Fẹlá fi kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Beko pé ẹni ọdún 57. Nílẹ̀ Yorùbá, bí bàbá bá kú, ojú àbúrò bàbá lọmọ ń wò. Gbogbo Èkó ló tú jáde sin Fẹlá, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó di Yẹni àti Fẹ́mi lọ́wọ́ mú wà lẹ́yìn irin.

Lẹ́yìn tí Abacha kú ní 1998 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kejì, ọdún 2006, lẹ́ni ọdún 65. Àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á.

Èèyàn laṣọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, irú àbúrò bàbá yìí wà nínú ẹbí yín. Ó lè má ní mọ́tò, ó lè má tíì kọ́lé, ṣùgbọ́n òun ló mọ orúkọ gbogbo ọmọ yín. Ẹ bu oúnjẹ ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń dá aṣọ ẹbí kẹ́ ẹ tó sọ fún un pé ó ṣeun.