Kí Ìjọba Má Gbàgbé Láti Ka Ebè

Iṣẹ́ àgbàṣe kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ayébáyé ni àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ ti máa ń pe alágbàṣe kí ó wá bá òun kọ ebè. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá rọ̀, olóko a wọ inú oko lọ, a ka ebè náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì wò ó bóyá ó tóbi bí wọ́n ti ṣe àdéhùn rẹ̀, kí ó tó tú àpò. Olóko tí ó bá jókòó sílé, tí ó ní kí alágbàṣe fúnra rẹ̀ wá ròyìn iye ebè tí ó kọ, ebi ni yóò kórè. Ọ̀rọ̀ yìí ni a mú wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, nítorí pé àwọn ìjọba wa ti sọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìlú di iṣẹ́ àgbàṣe, wọ́n sì ti gbàgbé láti máa lọ ka ebè.

Àwọn àgbà àárín wa rántí ìgbà tí Pí-Dọ́bù-Dí ń tún ọ̀nà ṣe, tí lébìrà tí ń fi àdá ṣán etí ọ̀nà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń gbá ọ́fíìsì àti ẹni tí ń ṣọ́ ọ lóru. Owó oṣù wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́, ará ìlú pẹ̀lú sì mọ ẹni tí òun yóò mú bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe iṣẹ́ ọba lẹ́yìn ọdún 2003, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ kékeré wọ̀nyí ni a dá dúró, tí a sì gbé iṣẹ́ ìgbálẹ̀ àti ìṣọ́ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ti tọ ọ̀nà kan náà.

Àwa kò sí nínú àwọn tí ń sọ pé ohunkóhun tí ọwọ́ aládàáni bá ti kàn ti bàjẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹlẹ́rìí wa. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, tí àwọn ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà ju 800,000 lọ, púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ, kì í ṣe lọ́wọ́ ìjọba. Síbẹ̀, ìjọba ni ó ń fún wọn lówó, ìjọba ni ó ń la ìlànà ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ìjọba ni ó sì ń rán alábẹ̀wò. Bí a bá gbọ́ pé alábẹ̀wò ń bọ̀, kò sí olùkọ́ tí kì í yẹ ìwé orúkọ àti ìwé ìpalẹ̀mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìjọba gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ka ebè.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Èkó. Fún ọdún pípẹ́ ni àwọn aládàáni kéékèèké, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PSP, fi ń kó ilẹ̀ ojúlé kiri lábẹ́ àbójútó LAWMA. Ní ọdún 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó wà lórí oyè nígbà náà ṣe òfin titun, ó ní kí àwọn PSP lọ máa kó ti àwọn ilé-iṣẹ́ àti ilé ìtajà, ó sì gbé ìdọ̀tí ojúlé lé ilé-iṣẹ́ aládàáni ńlá kan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́. Kí ọdún 2018 tó parí, òkìtì ìdọ̀tí ti gba ojú pópó ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń dímú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba mìíràn gorí oyè ní ọdún 2019, àwọn PSP padà sí ojúlé. Ẹ kíyè sí i pé aládàáni ni ti ìṣáájú, aládàáni sì ni ti ìkẹ́yìn. Lójú tiwa, ohun tí ó fa ìyọnu náà ni pé a wó ilé àtijọ́ lulẹ̀ kí titun tó ní òrùlé.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti kọ́ ìlànà iṣẹ́ ọba wa, ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ńlá tí a ń pè ní Carillion wọ gbèsè, ó sì dojú dé ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2018. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 20,000. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ilé-ìwòsàn, tí wọ́n ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ń tún ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe. Àwọn ọmọ náà kò lè fi ebi pa ara wọn nítorí pé agbaṣẹ́ṣe jẹ gbèsè. Ìjọba ni ó tọwọ́ bọ àpò ìlú kí iṣẹ́ má bàa dúró. Nígbà tí èrè wà, agbaṣẹ́ṣe ni ó ni ín. Nígbà tí gbèsè dé, ará ìlú ni ó jogún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó dùn wá jù. Agbaṣẹ́ṣe tí ó fẹ́ jèrè nínú iṣẹ́ ìgbálẹ̀ kò ní ibi púpọ̀ tí yóò ti rí i, bí kò ṣe nínú owó ọṣẹ àti nínú owó oṣù agbálẹ̀. Òfin ọdún 2024 sọ pé owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 pẹ̀lú, tí ó ní kí agbanisíṣẹ́ fi náírà mẹ́wàá sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ fi mẹ́jọ sí i, ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 15 ni ó dè. Nítorí náà, bí ìjọba bá gé iṣẹ́ wẹ́wẹ́ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe kéékèèké, ẹni tí ń gbá ọ́fíìsì ìjọba gan-an lè wà lẹ́yìn òfin tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.

Ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Èkíní, kí a máa tẹ àdéhùn gbogbo iṣẹ́ tí a bá gbé fún agbaṣẹ́ṣe jáde fún ará ìlú láti kà. Òfin ọdún 2011 ti fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba. Èkejì, kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn, bí ó ti wù kí agbaṣẹ́ṣe kéré tó, pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín sí ti òfin, àti pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé lóṣooṣù kí ìjọba tó san owó mìíràn. Ẹ̀kẹta, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó mọ iṣẹ́ máa lọ wo ohun tí a ṣe, nítorí pé ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, kí kọmíṣánnà tí ó gbé e jáde wá dáhùn níwájú ilé aṣòfin. Kí ó má na ìka sí agbaṣẹ́ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, a kò lè ṣaláì ba yín sọ òótọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé lẹ́yìn ìdìbò, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ àti iṣẹ́ ọ̀nà a máa di ẹ̀bùn ọpẹ́ fún àwọn tí ó náwó fún ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ kejì bá ṣe é, ariwo wa a gba ìgboro. Bí tiwa bá ṣe é, a máa ń wojú ilẹ̀. Èyí kò dára. Ẹgbẹ́ tí a bá fẹ́ràn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bá wí, nítorí pé orúkọ tiwa ni ó so mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí olùdíje bá tún wá bẹ̀ yín lọ́jọ́ ìbò, ẹ bi í léèrè pé: ta ni yóò máa ka ebè? Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ mọ̀ pé oko yín ni ó fẹ́ fi sílẹ̀ fún alágbàṣe.