Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí ọdún mẹ́ta: ìgbà tó yẹ kí ìmúrasílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 30, oṣù kejìlá, ọdún 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian ti ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ìròyìn kan jáde tí ó kan Kútọnù gbọ̀ngbọ̀n. Oníròyìn wọn kan, Umar Audu, ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àdáni kan ní Kútọnù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ yẹ kó gbà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà kéde pé òun dá àyẹ̀wò àti ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, Tahir Mamman tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀ sọ pé iye ọmọ Nàìjíríà tó gba ayédèrú ìwé-ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì lé ní 20,000.

Ìyà ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ra ìwé-ẹ̀rí. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́ta gbáko, tó san owó rẹ̀ pé, tó sì ń wá iṣẹ́ sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Fún àwọn ará Kétu, Pọ́bẹ̀, Sakété àti Àjàṣẹ́, Nàìjíríà kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè: ibẹ̀ ni ẹbí wà, ibẹ̀ ni ọjà wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ń fojú sí lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ìwé-ẹ̀rí tí ẹnu ibodè bá sọ di asán ti sọ owó ìdílé di asán.

Ohun tó wà nídìí ọ̀ràn náà ni ìkánjú. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ta ìwé-ẹ̀rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í rí oníbàárà láàárín àwọn tó ti múra sílẹ̀. Lára àwọn tí àkókò ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ló ti ń rí wọn: ọmọ tí kò forúkọ sílẹ̀ lásìkò, òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ béèrè ìwé lójijì, òbí tó gbọ́ ní oṣù kẹwàá pé àyè ti kún. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà kó tó di ọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, oṣù kẹfà ni ìdánwò BAC sábà máa ń wáyé, èsì rẹ̀ a sì jáde ní oṣù keje. Lẹ́yìn èsì ni ẹni tó yege máa ń lọ sí ojú-òpó ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, apresmonbac.bj, láti yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó wù ú ní yunifásítì ìjọba. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fún láyè. Máàkì ni wọ́n fi ń to àwọn ọmọ tẹ̀ léra. Bí a bá ti tò wọ́n tán, àwọn kan yóò rí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba, àwọn kan yóò sì wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń san owó ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ ṣe to ohun tó yàn ṣe pàtàkì. Ọmọ tó fi ẹ̀ka tí gbogbo ayé ń lé ṣe àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹta, tí máàkì rẹ̀ kò sì ga, lè bá ara rẹ̀ níta gbogbo wọn.

Ẹ̀ka ìṣòwò wà lára èyí tí ọ̀pọ̀ ń lé. Ẹni tó ṣe BAC G2, tí í ṣe ti ìṣirò owó, tàbí G3, tí í ṣe ti ọjà títà, ti ní ìpìlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀ka B, C àti D náà ń bọ̀ wá bá wọn du àyè. Ilé méjì ni àwọn òbí sábà máa ń dàrú mọ́ ara wọn. Èkíní ni ENEAM, ilé-ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àti ìṣàkóso, tó wà ní Gbégamey ní àárín Kútọnù. Èkejì ni FASEG, ẹ̀ka ọrọ̀ ajé àti ìṣàkóso tó wà nínú ọgbà Abomey-Calavi. Yunifásítì kan náà ló ni méjèèjì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970 tó sì ń jẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi láti ọdún 2001. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wọn kò rí bákan náà. Ní ENEAM, àyè kò pọ̀, wọ́n sì ń ṣa àwọn ọmọ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ bí ìṣirò owó, ìṣàkóso báńkì àti ti òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ní FASEG, èrò pọ̀, gbọ̀ngàn kún, ọmọ tí kò bá lè dá kàwé láìsí olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀ yóò tètè rẹ̀. Òbí tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ní oṣù kìn-ín-ní lè bá ọmọ rẹ̀ jíròrò. Èyí tó bá mọ̀ ọ́n ní oṣù keje, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un, nínú ariwo sáíbà tí gbogbo àdúgbò ti ya bò.

Ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ láti yan ẹ̀ka kò tó fún ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé yunifásítì rí. Ọmọ olùkọ́ ti gbọ́ orúkọ ENEAM nídìí oúnjẹ alẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ ìyá aláta gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó yàn án. Ìwé kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì kọ, ṣùgbọ́n àsìkò tí wọ́n ní kò dọ́gba. Bí ìjọba bá lè máa sọ àwọn ẹ̀ka náà lórí rédíò ní èdè Yorùbá, Fọ̀n, Dẹndí àti Bààtọ̀nú kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, yóò dín àìdọ́gba yìí kù ju ọ̀pọ̀ ìwé àlẹ̀mọ́gi lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó tún ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀ jù, níbẹ̀ sì ni òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà ti lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n akọ̀wé tó kọ orúkọ náà sílẹ̀ kò wo ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ mú orúkọ Adéṣínà. Ní Àjàṣẹ́, akọ̀wé tó kọ́ èdè Faransé lè kọ ọ́ ní Adéchina. Ní Èkó, Adesina ni wọ́n ń kọ. Ọlátúndé a di Olatoundé níhìn-ín, a di Olatunde lọ́hùn-ún. Etí gbọ́ orúkọ kan, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà rí ènìyàn méjì. Bí ìwé ìbí bá ní “ch”, tí ìwé BAC sì ní “s”, ilé-ẹ̀kọ́ lè dá ìwé ọmọ padà, ó sì lè gba kí ìdílé dé ilé-ẹjọ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Kò sí ilé-ẹjọ́ tó ń parí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó yẹ kí òbí ṣe kò le. Kí ó gbé ìwé ìbí, káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún BAC kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ó wo ọjọ́ ìbí, kí ó wo orúkọ ìyá àti bàbá. Ilé-iṣẹ́ ANIP ló ń tọ́jú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí olúkúlùkù ní, òun náà ló sì ń ṣe ìwé ìbí tuntun tí a ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́ńbà yẹn àti orúkọ bá bára mu kí ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún BAC, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ yóò tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tí a bá jẹ́ kó wọ inú ìwé BAC yóò bá ọmọ dé Licence, yóò bá a dé Master, yóò sì dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́.

Owó náà ní ìgbà tirẹ̀. Fún ọlọ́jà, oṣù kejìlá ni títà máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè owó. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ìyá kan ń dá àjọ 500 sẹ́fà lójoojúmọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní. Ní òpin oṣù kẹsàn-án, ó ti dá a fún ọjọ́ 273, owó rẹ̀ jẹ́ 136,500 sẹ́fà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 4,500 sẹ́fà fún oṣù mẹ́sàn-án, yóò ku 132,000. Bí ìyá kan náà bá dúró di ìgbà tí èsì jáde, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, 29,500 sẹ́fà ni yóò kó. Èyí tí kò pé ni yóò lọ yá lọ́wọ́ elééwó, èlé rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn tí kò rí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba máa ń yà sí ti àdáni, èyí tó pọ̀ ní Kútọnù bí ilé oògùn. Àwọn tó dára wà nínú wọn, àwọn olùkọ́ yunifásítì pàápàá ń lọ kọ́ni níbẹ̀. Ohun tó ṣòro ni láti mọ èyí tí ìjọba mọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ gíga ní àkọsílẹ̀ àwọn ilé tó ní ìyọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda láti ṣílẹ̀kùn yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: ilé kan lè ní àṣẹ fún ìṣirò owó kí ó má ní i fún ìṣàkóso báńkì. Níbi tí ìfọwọ́sí yẹn kò bá sí, ìdánwò tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣètò fún Licence àti Master ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ yege kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ju èyí lọ, ẹgbẹ́ CAMES wà, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Uagadugu. Ìwé-ẹ̀rí tí CAMES bá mọ̀ rọrùn láti gbé lọ sí Dakar tàbí Abidjan. Òbí kò nílò láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́. Kí ó béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba kí ó tó san kọ́bọ̀. Oṣù karùn-ún dára fún ìrìn yẹn. Ní oṣù kẹwàá, ẹni tí ń kánjú kì í béèrè nǹkan.

Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ padà sí ẹ̀kọ́ ń lo kàlẹ́ńdà mìíràn. Ìwé-ẹ̀rí MBA wà fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, kì í ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. (Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà Tokpa ló ti ń ṣe ìṣàkóso ọjà, gbèsè àti òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó bí àwọn tó ń kọ́ni nínú rẹ̀, ìwé ni wọn kò ní.) Ní Dakar ni CESAG wà, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tó wà lábẹ́ BCEAO, báńkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà kan náà, tí Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn. Ní Èkó ni Lagos Business School wà láti ọdún 1991, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹni tó bá yan yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ìyanṣẹ́lódì: ti ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kò sì parí títí di oṣù kẹwàá.

Fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó jìnnà sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ìwé ìbéèrè ti ń wọlé. Ní Amẹ́ríkà, ìpele ni wọ́n pín in sí: àkọ́kọ́ ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, ìkejì ní oṣù kìn-ín-ní. Ẹni tó dúró de ìpele tó kẹ́yìn yóò bá àyè díẹ̀, owó ìrànwọ́ tó kù a sì kéré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè ìdánwò GMAT, tí máàkì rẹ̀ wúlò fún ọdún márùn-ún, àti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, IELTS tàbí TOEFL, tí tirẹ̀ wúlò fún ọdún méjì péré. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ báńkì ní Kútọnù tó fẹ́ wọlé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lè ṣe GMAT báyìí nígbà tí ìṣirò ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi ìdánwò èdè sílẹ̀ di ọdún tó kẹ́yìn.

Ti ilẹ̀ Faransé ń gba ọwọ́ Campus France kọjá. Oṣù kẹwàá ni ojú-òpó wọn sábà máa ń ṣí fún ẹni tó fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tó wà ní kíláàsì ìparí kò tíì ṣe BAC nígbà náà. Máàkì kíláàsì rẹ̀ ti ọdún tó kọjá àti ti ìdá àkọ́kọ́ ọdún yẹn ni yóò fi béèrè. Òbí tó bá rò pé BAC ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀ yóò dé ẹnu ọ̀nà yẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í.