Ta Ni Yóò Jẹ Ẹran Náà?

Àbúrò mi kan tí ó fi Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ibùgbé wá sílé nígbà ọdún Kérésìmesì tí ó kọjá, ó sì gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí gbogbo ilé fi dákẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ ṣọdẹ ní Namibia. Kì í ṣe ọdẹ òkété o! Ẹfọ̀n ni ó ń wí, àti kúdù oníwo lílọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹṣin. Bí àyè bá sì tún wà, ẹtù àti àparò. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá ebi ni ó ń pa á ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, igbó ni wọ́n sì fi ṣe ilé nígbà tí igbó ṣì jẹ́ igbó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni ó ni ẹran tí o fẹ́ lọ pa?" Ó dáhùn pé, "Bàbá, n ó sanwó fún wọn." Wọ́n ní, "Owó ni mo bi ọ́ ni? Ta ni ó ni ín? Ta ni yóò jẹ ẹran náà?"

Èmi tí mo jẹ́ oníwèé ilé ni wọ́n ní kí n lọ wádìí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí owó yín ká irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí mo bá bọ̀.

Ẹran ni ènìyàn ń kọ́kọ́ mú, kí ó tó mú orílẹ̀-èdè. Kenya ti fi òfin de irú ọdẹ yìí láti 1977. Botswana dá a dúró ní 2014, ó tún ṣí i padà ní 2019. Ní Namibia, àkókò ọdẹ àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, ó sì parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, koríko ti gbẹ, omi ti dínkù, ẹran kì í sì í jìnnà sí ibi tí ó ti ń mumi. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń lọ mú ẹ̀wù òtútù dání, nítorí òru ibẹ̀ lásìkò náà a máa mú omi dì.

Àlejò kò gbọdọ̀ dá wọ igbó. Ọdẹ amọ̀nà tí ìjọba fún ní àṣẹ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ìwé àṣẹ sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ìbọn tó dún. Kò gbọdọ̀ pa ju méjì lọ nínú oríṣi ẹran kan. Òfin wọn ìbọn pàápàá: agbára ọta tí a ó fi pa ẹfọ̀n kò gbọdọ̀ dín ní 5,400 joules, ti kúdù kò gbọdọ̀ dín ní 2,700. Ẹni tí ó bá ń ti Nàìjíríà lọ, kí ó yá ìbọn níbẹ̀, kí ó má kó ara rẹ̀ sí wàhálà pápákọ̀ òfurufú. Kí ó gba físà, kí ó sì mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání.

Wọn kì í ṣọdẹ òru níbẹ̀. Òfin kò gbà á. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá, ẹni tí ó jẹ́ pé iná tí wọ́n dè mọ́ orí ni wọ́n fi ń wá ẹran tí a jẹ dàgbà, wọ́n wò mí bí ẹni tí ń purọ́. "Ní ọ̀sán gangan? Kí ẹran máa wò ọ́, kí ìwọ náà máa wò ó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ọjà ni wọ́n ń ná, wọn kò ṣọdẹ.

Ọ̀rọ̀ ọjà náà kì í ṣe irọ́. Owó ojúmọ́ wà, owó orí ẹran wà lọ́tọ̀, owó títọ́jú awọ àti ìwo náà sì wà. Ọdẹ ẹfọ̀n a máa gbà ju 10,000 dọ́là lọ. Ẹran tí ọta bà tí ó sá lọ, bí ẹni pé a pa á ni: bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kán sílẹ̀, owó ti wọlé. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún àbúrò mi pé kí ó má gbójú lé ìbọn tí ó ń yìn lórí tábìlì. Ní òró ni wọ́n ń yìnbọn níbẹ̀, lórí ọ̀pá mẹ́ta tí a so pọ̀ lórí. Bàbá gbà mí lẹ́sẹ̀ èyí. Wọ́n ní ẹfọ̀n tí ọta bà kì í sá títí. A máa yí padà, a máa ba de ẹni tí ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ẹyẹ, kí ó béèrè àṣẹ àti àkókò tiwọn lọ́tọ̀. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí ó jọ ẹyẹlé, tí ń gbé inú aṣálẹ̀. Akọ rẹ̀ a máa rẹ ìyẹ́ ikùn rẹ̀ sínú omi, a sì fò lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè fà á mu. Mo bẹ àbúrò mi pé kí ó fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè Bàbá. Kí Namibia tó gba òmìnira ní 1990, òfin 1975 ti fún àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n ní oko ńlá ní ẹ̀tọ́ lórí ẹran tí ó wà lórí ilẹ̀ wọn. Ẹni dúdú tí ń gbé ilẹ̀ àjùmọ̀ní kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Erin lè jẹ oko rẹ̀ tán. Bí ó bá pa á, olè ni. Òfin 1996 ni ó yí i padà. Abúlé lè pààlà ilẹ̀ wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n yan ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì di ẹgbẹ́ olùtọ́jú ẹran igbó. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ó kọ́kọ́ wọ ìwé ní 1998. Wọ́n ti di 86. Ìjọba ń fọwọ́ sí iye tí wọ́n lè pa lọ́dún, owó ọdẹ àlejò ń wọ àpò ẹgbẹ́, òun ni wọ́n sì fi ń san owó àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Àlejò mú ìwo lọ, abúlé pín ẹran.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Àwọn kan ń ráhùn pé owó náà kì í dé inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn. Nígbà tí àrùn Kòrónà sì dí ọ̀nà àlejò ní 2020, àpò wọn gbẹ. Lórí oko àdáni ẹ̀wẹ̀, olóko ni ó ni ẹran, yóò sì tà á.

Nígbà tí mo ka èyí tán, Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tiwọn, bí ọdẹ bá pa ẹkùn, ààfin ni awọ rẹ̀ ń lọ. Olórí ọdẹ ní ìpín tirẹ̀, àdúgbò náà a sì jẹ níbẹ̀. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ, síbẹ̀ wọ́n ń fún ni. Igbó ọba tí ó wà lẹ́yìn ìlú wa, wọ́n fi òfin dè é láì bi ọdẹ kan ṣoṣo léèrè. Àwọn agégẹdú ń wọ ibẹ̀ lóru. "Bí wọ́n bá ti pè wá sí i bí ti àwọn wọ̀nyí," ni Bàbá wí, "àwa ni à bá máa ṣọ́ ọ."

Àbúrò mi ti sún ìrìn àjò rẹ̀ di oṣù Keje ọdún tí ń bọ̀. Ó kọ̀wé sí àwọn onísẹ́ ọdẹ mẹ́ta níbẹ̀. Àwọn méjì fi àwòrán ìwo ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta nìkan ni ó dárúkọ abúlé, tí ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pín ẹran. Òun ni ó san àsansílẹ̀ fún. Ní gbogbo Sátidé ni ó ń lọ yìnbọn lórí ọ̀pá mẹ́ta. Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní kí n bi í, apá ibo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ níbẹ̀ láàárọ̀? N kò tí ì rí èsì gbà.