Ẹ̀rọ Tuntun Kì Í Bá Àkísà Wá

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún. Ẹ jẹ́ ká tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá ẹ̀rọ jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀rọ ọ̀hún ni metal detector, ẹ̀rọ awárin tí wọ́n ń gbé kiri inú oko láti fi wá owó àtijọ́ àti wúrà tó ti wọlẹ̀. Ẹni tó bá yà síbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní pẹ́ rí i: ẹ̀rọ olówó gọbọi, ọ̀rá ojú rẹ̀ ò tíì ṣí, ẹni tó ń tà á sì ní ẹ̀ẹ̀mejì péré lòun lò ó. Ẹ bi í kí ló dé. Yóò ní wọ́n ta irọ́ fóun ni, ìṣó àti etí agolo ọtí nìkan ló ń bá òun rí. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń bèèrè iye èyí tó tún wọ́n ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi o. Ẹni tó rà á ni kò tíì lákìísà.

Ní oṣù Keje ọdún 2009, nínú oko kan nítòsí Hammerwich ní Staffordshire, Terry Herbert bá ìṣúra àwọn Anglo-Saxon pàdé, wúrà tó tó kílò mẹ́rin, tí wọ́n dá iye lé ní mílíọ̀nù £3.285. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe gbé e, £2.50 ló ra ẹ̀rọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣí bùùtù ọkọ̀ ta àlòkù. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń hú ìdọ̀tí kọ́jọ́ náà tó pé. Àwọn kan á ní oríire ni. Kó máa jẹ́ oríire. Oríire ọ̀hún ò ṣáà bá a nílé.

Awo tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ náà ló ń ta agbára òòfà sínú ilẹ̀. Irin tó bá wà níbẹ̀ á dáhùn, ẹ̀rọ á sì fi ohùn àti nọ́ńbà sọ ohun tí ìdáhùn náà jọ. Ó jọ ọ́ ni o, kò dájú. Òrùka wúrà àti etí agolo alumíníọ̀mù sábà máa ń mú nọ́ńbà tó sún mọ́ra wá. Ọ̀gá tuntun tí etí agolo ti sú á wá pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó má dún mọ́ fún irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ariwo á rọlẹ̀ lóòótọ́, òrùka tí ìyàwó ẹnì kan sọ nù sínú iyanrìn náà á sì bá a lọ. Á tún yí agbára ìgbọ́ràn ẹ̀rọ dé góńgó. Létí òkun, iyọ̀ inú iyanrìn tútù nìkan tó láti mú kí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ké lásán. Ẹni tó mọwọ́ rẹ̀ á dín in kù, á wá ibi tí kò sírin, á máa gbé awo sókè sílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi mọ ilẹ̀ náà.

Àmọ́ òwe àkísà lè di àwáwí fún ọ̀lẹ. Bó bá jẹ́ ọdún ló ń mú àkísà wá, kí ni kí ẹni tó ra ẹ̀rọ lánàá ṣe? Òwe mìíràn gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀: ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹ̀yìnkùlé tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kó ri owó ẹyọ kan mọ́lẹ̀, kó ri ìṣó tó ti dógùn-ún sí ọ̀ọ́kán, kó rọra fa awo kọjá lórí wọn láìjẹ́ kó fò sókè. Lẹ́yìn náà kó yí ìdúró padà, kó gba ẹ̀gbẹ́ fà á. Owó ẹyọ a máa dún bákan náà láti ìhà méjèèjì. Ìṣó lè dún bí owó láti ìhà kan, kó sì kùn hùn-ùn láti ìhà kejì, kí nọ́ńbà rẹ̀ máa fò káàkiri. Kó wá sún ìṣó mọ́ owó díẹ̀díẹ̀, yóò gbọ́ bí irin ṣe ń bo ohùn owó mọ́lẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ti gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní sáré kúrò mọ́ níbi tí ìṣó bá pọ̀ sí.

Èyí tí ẹ̀yìnkùlé kò lè kọ́ni ni ìgbà tó yẹ ká dáwọ́ dúró. Ní November 16, 1992, ní Hoxne ní Suffolk, Eric Lawes ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀ wá òòlù tó sọnù. Owó àwọn ará Róòmù ló bá. Ó hú díẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ nínú ilẹ̀, wọ́n ké sí àwọn tó yẹ. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣì rí bí wọ́n ṣe to ẹrù náà sínú àpótí igi tó ti jẹrà. Owó ẹyọ tó jáde níbẹ̀ jẹ́ 14,865. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú. Òfin ìgbà náà kò fi dandan mú Lawes kó fún ẹnikẹ́ni nínú mílíọ̀nù £1.75 tí wọ́n san fún un, ṣùgbọ́n òun àti àgbẹ̀ náà jọ pín in.

Lónìí, òfin ìṣúra tí wọ́n ń pè ní Treasure Act ti ọdún 1996 fún ẹni tó bá rí irú ìṣúra bẹ́ẹ̀ ní England ní ọjọ́ 14 láti fi tó coroner, aláṣẹ tó ń ṣèwádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, létí, onílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni tó gbé awo lé ilẹ̀ rẹ̀.