Kíkú Tán Kò Ṣe Bátìrì Kẹ̀kẹ́ Oníná Láǹfààní

Bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná kì í pẹ́ sí i nítorí pé wọ́n lò ó títí ó fi kú kí wọ́n tó ṣáàjì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí kò bá kú tán, yóò máa rántí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáàjì rẹ̀, kò sì ní kún mọ́. Àṣìṣe ni, àṣìṣe tó sì ń náni lówó.

Bátìrì àtijọ́ tí wọ́n fi níkẹ́lì àti kádíọ́mù ṣe lè ní irú àléébù bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 1991 tí Sony ti gbé bátìrì lítíọ́mù (lithium-ion) wá sọ́jà, irú èyí ti ń gbòde sí i, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníná lónìí. Ìmọ̀ràn ti àtijọ́ kò bá a mu rárá.

Nínú bátìrì fóòtì 36, ìsọ̀rí sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ló máa ń tò tẹ̀léra. Sẹ́ẹ̀lì tó kún wà ní fóòtì 4.2, èyí tó bá sún mọ́ 3, iná rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀rọ kékeré kan ń ṣọ́ wọn, ó sì máa ń pa bátìrì kí wọ́n tó lọ sílẹ̀ jù. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wọn náà ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀. Bátìrì tó kú tí wọ́n wá pa tì fún ọ̀pọ̀ oṣù lè lọ sílẹ̀ débi pé bàbà inú sẹ́ẹ̀lì yóò máa yọ́. Bí wọ́n bá tún ṣáàjì irú rẹ̀, bàbà náà lè so ohun tí kò yẹ kó kanra pọ̀, kí ó sì gbiná.

Àwọn mìíràn ń dúró kí ó kú nítorí wọ́n gbọ́ pé ìgbà 500 tàbí 1,000 péré ni bátìrì lè gba ṣáàjì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá so ó mọ́ iná ni wọ́n ń kà. Ìlò ìdajì lẹ́ẹ̀mejì ló jẹ́ ẹyọ kan, ìlò ìdajì-ìdajì sì ń jẹ́ kí bátìrì pẹ́ ju kí wọ́n máa lò ó láti kíkún dé òfo. Nígbà tí iye náà bá pé, kì í kú lójijì: kẹ̀kẹ́ tó ń rin kìlómítà 50 tẹ́lẹ̀ lè máa rin bí 40.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an, pàápàá bí bátìrì bá kún tí wọn kò sì lò ó. Awọ fẹ́lẹ́ kan ń hù nínú sẹ́ẹ̀lì, ó ń há lítíọ́mù tó yẹ kó máa gbé iná lọ bọ̀ mọ́lẹ̀, ooru sì ń mú un nípọn kíákíá. Bátìrì tí wọn kò ní lò fún oṣù kan sàn jù ní nǹkan bí ìdajì, nínú ilé, níbi tútù díẹ̀ tí oòrùn kò lè dé.