Odindi Ènìyàn Ni Jésù Rà Padà

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ìṣẹ́ bùṣe lóòótọ́?

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹta, ọdún 1967, Póòpù Paul Kẹfà ti Ìjọ Àgùdà kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Populorum Progressio. Kí ó tó di póòpù ni ó ti rin ìrìn-àjò wá sí Áfíríkà ní 1962, tí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ìṣòro àwọn ènìyàn. Kókó ìwé náà ni pé ìdàgbàsókè kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ó gbọ́dọ̀ kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kan odindi ènìyàn: oúnjẹ, ìlera, ìwé kíkà, iṣẹ́, ẹbí, àti ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run. Ní 2016, Póòpù Francis dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ó kó ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo, ti aláìsàn, ti aláìní àti ti àwọn tó ń ṣí kiri sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ìtumọ̀ èyí. Fáìlì ìlera wà lọ́tọ̀, ti ẹ̀kọ́ wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn kan náà ni ó ń ti tábìlì kan dé èkejì.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Pásítọ̀, kí ló kan àwa Pẹ́ńtíkọ́sì nínú ọ̀rọ̀ Póòpù?" Ẹ ṣí Lúùkù 2:52. Jésù dàgbà nínú ọgbọ́n, nínú ara, àti nínú ojúrere Ọlọ́run àti ti ènìyàn. Apá kankan kò gbẹ́yìn.

Mo ní ẹ̀bi tèmi láti jẹ́wọ́. Ìyá kan nínú ìjọ wa kì í pa àìsùn ọjọ́ Ẹtì jẹ. Fún oṣù mélòó kan ni wọ́n ń sọ fún mi pé orí ń fọ́ wọn. Mo gbé ọwọ́ lé wọn, mo gbàdúrà. N kò bi wọ́n léèrè rí bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ọjọ́ tí wọ́n ṣubú la tó mọ̀. Ọpẹ́ ni pé wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ti rí ọkàn wọn, n kò rí ara wọn.

Ìdàkejì rẹ̀ náà kò dára. Bí a bá pín ìrẹsì nígbà Kérésìmesì, tí a ya fọ́tò, tí a kò sì mọ orúkọ ẹni tó gbà á, ikùn nìkan la rí.

Nítorí náà, mo bẹ gbogbo ìpàdé inú ilé wa. Lẹ́yìn àdúrà, ẹ béèrè: Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé? Ṣé iṣẹ́ wà? Kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.