Èyí Tó Jábọ́ Ńkọ́?

Máńgòrò ti ń pọ́n lẹ́yìnkùlé ní Paspanga, ní Ouagadougou. Bàbá á gbé ọ̀pá, àwọn ọmọ á na aṣọ láti fi gbà á, ìyá á máa kígbe pé kí wọ́n má já èyí tí kò tíì gbó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni èyí tó jábọ́, tí a fi sílẹ̀ kó jẹrà.

Ìdin wà nínú rẹ̀. Eṣinṣin èso tó ti Éṣíà wá, Bactrocera dorsalis, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní Kenya lọ́dún 2003, a máa yé ẹyin sábẹ́ èèpo máńgòrò. Bí èso bá jábọ́, ìdin á wọlẹ̀, á di eṣinṣin, á tún fò padà sórí igi. Eṣinṣin ò sì mọ ọgbà ẹnìkan. Nítorí ìdin díẹ̀, wọ́n lè kọ odindi ẹrù àgbẹ̀ Orodara ní èbúté Yúróòpù.

Ká ṣa á, ká dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí oòrùn pa á. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀pá. Àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ sì fún ní ọ̀rá náà. Ìdin kì í rí wọn lára bíi tiwa.